Àyà mi ń já lójijì nínú mọ́tò, wọ́n ní ọkàn mi ò ṣe nǹkan kan. Ta ló ti ní irú ẹ̀ rí?

Àdùkẹ́_Ìkòròdú
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀.

Ọmọ ọdún 31 ni mí. Ìkòròdú ni mò ń gbé, Áílándì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, mo wà nínú dáńfó lórí afárá Third Mainland, gosiló mú wa, mọ́tò ò lọ síwájú, kò pa dà sẹ́yìn. Ṣàdédé ni àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì. Ọwọ́ mi ń ta mí, ètè mi kú, mi ò rí èémí mí, gbogbo ohun tí mò ń wò ń lọ jìnnà sí mi. Mo sọ nínú ara mi pé, "Bí mo ṣe máa kú nìyí, láàárín àwọn tí mi ò mọ̀ rí." Mo ní kí kọ́ńdọ́ sọ̀ mí kalẹ̀. Lórí afárá! Ìyá àgbà kan di ọwọ́ mi mú, ó ń pe orúkọ Jésù sí mi lórí. Kí a tó dé Adéníji, ó ti lọ, àfi bí ẹni pé kò wá rí. Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí bí ẹni tó ti ń ru sìmẹ́ǹtì láti àárọ̀.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ládùúgbò wa yẹ̀ mí wò. Ìfúnpá mi dáa. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi láyà, wọ́n ní ọkàn mi ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n wá ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ti tọ́jú táífọ́ọ̀dù yìí fún mi, nǹkan náà ò sì dẹ̀yìn lẹ́yìn mi.

Mo sá fún afárá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakòdò. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ká mi mọ́ orí omi. Ó tún mú mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, láàárín ìwàásù. Ní báyìí, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni mo ń jókòó sí níbikíbi tí mo bá wọ̀. Màámi ní ayé ló ń ṣe mí. Ọkọ mi ní mò ń ronú jù, kí n yéé ronú, bí ẹni pé ẹnu ẹ̀rọ omi ni, tí èèyàn kàn lè tì pa. Èmi fúnra mi ò mọ̀ bóyá orí mi ló fẹ́ dàrú. Níbo ni mo máa lọ?

Bàbá_Ìbejì_Òṣogbo
Ọmọ mi, èyí kì í ṣe ojú lásán. Bí àyẹ̀wò ò bá rí nǹkan kan, tí ara ò sì yá, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ dókítà nìyẹn. Jẹ́ kí ìyá rẹ wá ẹni tó máa wo ìdí ẹ̀.

Lánre_Ìlọrin
Àdùkẹ́, ìwọ nìkan kọ́. Tèmi, orí ìlà ní báńkì ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo fi owó sílẹ̀ lórí káńtà, mo sá jáde. Ọdún méjì gbáko ni mi ò fi wọ báńkì mọ́, àbúrò mi ló ń bá mi lọ. Ó lórúkọ, ó sì ní ìtọ́jú.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbá
Àdùkẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọdún 14 ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, mo sì ti lo mẹ́fà nínú ẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí ọkàn wọn ò balẹ̀. Mi ò lè jókòó síbí kí n sọ pé ohun tó ń ṣe yín nìyí, dókítà ló máa sọ ìyẹn lẹ́yìn tó bá ti rí yín. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí jọ ìpayà òjijì, tí àwọn dókítà ń pè ní panic attack. Ó lè ṣe ẹnikẹ́ni lẹ́ẹ̀kan kó má pa dà wá mọ́. Bó bá ń pa dà wá, tí ìbẹ̀rù ìgbà tó tún máa wá sì ti ń pinnu ibi tí ẹ lè lọ àti ibi tí ẹ lè jókòó sí, ó ti di àìsàn tó yẹ kí wọ́n tọ́jú nìyẹn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Bí ejò bá yọ lọ́nà oko, ẹ ò ní ronú kí ẹ tó fò. Ọkàn á ti yára kí ẹ̀jẹ̀ lè dé ẹsẹ̀, èémí á yá, òógùn á bo ara. Bí Ọlọ́run ṣe dá wa nìyẹn, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Nínú ìpayà òjijì, gbogbo ẹ̀ ló máa ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ejò. Ajá tó yẹ kó máa gbó olè ló wá ń gbó ọmọ onílé. Ariwo ẹ̀ ń bani lẹ́rù, àmọ́ kò ní bunijẹ.

Ìka tó ń ta àti ètè tó kú yẹn, èémí àmíjù ló ń fà á. Bí ẹ bá ń mí lemọ́lemọ́, ẹ ó mí afẹ́fẹ́ kan tó yẹ kó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀jẹ̀ síta jù, ìka á máa ta, òòyì á máa kọ́ yín. Ẹ ó wá rò pé ẹ ò rí èémí mí, ẹ ó tún máa fà á sí i. Ó sábà máa ń le dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà á máa wálẹ̀ fúnra ẹ̀, ẹ sá o, ẹ ò sá o. Bó bá dé, ẹ mí sínú jẹ́jẹ́ gba imú títí ikùn á fi wú, kí èyí tó ń jáde sì pẹ́ ju èyí tó wọlé lọ.

Nípa táífọ́ọ̀dù: àyẹ̀wò Widal tí wọ́n sábà máa ń ṣe ládùúgbò máa ń tanni jẹ. Ara ẹni tó ti ní i rí, tàbí tó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀, lè ṣì fi hàn níbẹ̀. Ohun tí èmi fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wò ni ẹ̀jẹ̀ yín, bóyá kò tó, ṣúgà yín, àti thyroid, ìyẹn ẹṣẹ́ tó wà níwájú ọrùn. Bí ìyẹn bá ń ṣiṣẹ́ jù, àyà á máa lù, ọwọ́ á máa gbọ̀n, èèyàn á máa rù, wọ́n á ní ìpayà ni. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kó dáa, kí ẹ má sì máa tún un ṣe lóṣooṣù. Bí àyà bá ń dùn yín nígbà tí ẹ bá ń gun òkè tàbí ru ẹrù, tàbí tí ẹ bá dá kú, èyí yàtọ̀ o, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni.

Ẹ wo ohun tí ẹ ń mu náà. Kọfí, enájì dríǹkì, àti obì. Àwọn èèyàn kì í ka obì sí. Èròjà tó wà nínú kọfí náà ló wà nínú ẹ̀.

Ṣẹ́gun_Múṣin
Gíráńmà ti pọ̀ jù. Mú ọ̀rá nálóònù, mí sínú ẹ̀, ó tán. Lálẹ́, gé Lexotan sí méjì, lo ìlàjì. Èmi ti ń lò ó láti 2021, mò ń sùn bí ọmọ tuntun.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbá
Ẹ má mí sínú ọ̀rá o! A ti fi ìyẹn sílẹ̀ tipẹ́. Bó bá jẹ́ ikọ́ fée tàbí àìsàn ọkàn ló ń ṣe ẹni náà ní tòótọ́, atẹ́gùn tó nílò gan-an lẹ fi ń dù ú yẹn.

Kẹ́mísì_Bódìjà
Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú sí mi. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń wá béèrè oògùn yẹn lọ́wọ́ mi láìní ìwé dókítà, mo sì ń dá wọn pa dà. Bó ṣe ń tètè ṣiṣẹ́ yẹn gan-an ló léwu. Diazepam àti bromazepam, ìyẹn Lexotan yín, dókítà lè fúnni fún ọjọ́ díẹ̀. Bó bá di ojoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara á ti mọ̀ ọ́n, ìlàjì ò ní tó mọ́, á di odidi. Ẹni tó bá pọ̀ ọ́n mọ́ ọtí tàbí tramadol lè sùn kó má mí mọ́.

Ẹ tún gbọ́ eléyìí dáadáa: ẹ má torí ọ̀rọ̀ mi jáwọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lálẹ́ òní. Ẹni tó ti ń lò ó láti 2021, tó bá já a lójijì, ìpayà á pa dà wá ní ìlọ́po, gìrì pàápàá lè gbé e. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù, lójú dókítà.

Àdùkẹ́, èyí tí wọ́n sábà máa ń kọ fún irú ọ̀rọ̀ tiyín ni sertraline tàbí escitalopram. Kì í ṣe oògùn oorun. Kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà kí ẹ tó rí ìyàtọ̀. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, inú lè máa rìn yín, ara sì lè máa gbọ̀n díẹ̀ sí i. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń sọ ọ́ nù, wọ́n á ní kò bá àwọn lára mu. Ẹ pe dókítà, ẹ má sọ ọ́ nù. Bí ẹnikẹ́ni bá fún yín ní propranolol nítorí àyà tó ń lù, ẹ kọ́kọ́ sọ fún un bí ẹ bá ní ikọ́ fée. Kò dáa fún oníkọ́ fée rárá.

Ṣẹ́gun_Múṣin
Hmm. Mi ò mọ ti gìrì yẹn. Ta ni mo wá máa rí báyìí?

Kẹ́mísì_Bódìjà
Dókítà kan náà tí Àdùkẹ́ ń wá, sà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àti iye tí ẹ ń lò sínú ìwé, ẹ mú un dání.

Àgbà_Ìjẹ̀ṣà
Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń pè é ní páníìkì. Nígbà tiwa, ọdẹ orí ni. Ó ṣe ìyá mi. Nǹkan á máa rìn ín lórí bí ìgbà tí èèrà bá ń rìn, etí ẹ̀ á máa hó, àyà ẹ̀ á máa já. Àgbo ni wọ́n fi wò ó, wọ́n sì sín gbẹ́rẹ́ sí i lórí. Ó yá díẹ̀, ó tún pa dà wá. Ọdẹ orí ni ó ń ṣe ọmọ yìí.

Bùsáyọ̀_Ifẹ̀
Bàbá, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ yín ò jìnnà sí òótọ́ rárá. Àwọn dókítà wa ti kọ nípa ọdẹ orí. R. O. Makanjuola kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní 1987, gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn ló kà sílẹ̀: ohun tó ń rìn lórí, etí tó ń hó, àyà tó ń já. Àmọ́ nǹkan kan ni mo fẹ́ tún ṣe. Orúkọ tí aláìsàn ń pè é nìyẹn. Bí dókítà bá wádìí, ó lè bá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí àìbalẹ̀ ọkàn lábẹ́ ẹ̀, méjèèjì sì ní ìtọ́jú tiẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá wọ ilé ìwòsàn tó ní "ọdẹ orí ló ń ṣe mí" ò sọ̀rọ̀ òpè. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kó ṣáà sọ ti àyà àti ti ìbẹ̀rù mọ́ ọn. A kì í sọ ti ìbẹ̀rù. A máa sọ orí, a máa sọ inú, a máa sọ "ooru ń mú mi", wọ́n á wá kọ oògùn ibà fún wa.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Peckham
Àbúrò mi Àdùkẹ́, mo ka ti ẹ̀bá ilẹ̀kùn yẹn, mo rẹ́rìn-ín, torí èmi náà nìyẹn. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní London ló ṣe tèmi, inú kòtò, láàárín ibùdókọ̀ méjì, iná kú. Mo fi ọkọ̀ ojú irin sílẹ̀, mo ń wọ bọ́ọ̀sì. Ó tún ká mi mọ́ inú bọ́ọ̀sì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn. O rí i? Ibi tí èèyàn bá ti sá fún un, ibẹ̀ ló ti ń gba ilẹ̀ sí i. O sá fún afárá, ó bá ọ lórí omi.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní NHS Talking Therapies. Ẹni tó bá ti pé ọdún 18, tó sì wà lábẹ́ dókítà àdúgbò, lè fi orúkọ ara ẹ̀ sílẹ̀ fúnra ẹ̀, kò dìgbà tí dókítà bá kọ̀wé. Ọ̀fẹ́ ni. Mo dúró fún oṣù méjì kó tó kàn mí. Obìnrin tó gbà mí kò fún mi ní oògùn kankan. Ó ní kí n jókòó sórí àga tó ń yí, ó yí mi títí òòyì fi kọ́ mi. Ó ní kí n mí lemọ́lemọ́ fún ìṣẹ́jú kan títí ìka mi fi ń ta. Mo rò pé orí ẹ̀ ò pé! Ó wá bi mí pé, "Ó dùn mọ́ ẹ?" Mo ní rárá. "Ṣé o kú?" Ọjọ́ yẹn ni ó yé mi pé ohun tó ń bà mí lẹ́rù, èmi fúnra mi lè ṣe é kó dé, á sì lọ.

Lẹ́yìn náà la wá ṣe àkàsọ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní, mo kàn máa ń lọ dúró sí ibùdókọ̀, mi ò ní wọ ọkọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ibùdókọ̀ kan péré, kí n má sì sọ̀ títí àyà mi fi máa rọ̀. Ohun tó le jù nìyẹn, kí n má sọ̀. Mo tún máa ń gbé ike omi dání níbi gbogbo. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ nílé, torí mo ti gbà pé omi ló ń dá ẹ̀mí mi sí.

Níbí ni èmi àti Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbá ti máa jà díẹ̀: èémí jẹ́jẹ́ yẹn náà lè di ike omi. Bí èèyàn bá ń mí in kó má baà kú, ó ṣì gbà pé òun fẹ́ kú ni.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbá
Mo gbà bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá ti wà lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́. Ẹni tó wà nínú dáńfó lálẹ́ òní, tí kò tíì rí ẹnì kankan, ẹ jẹ́ kó mí.

Lánre_Ìlọrin
Ẹ̀gbọ́n Peckham, ọ̀fẹ́ ni tiyín. Níbí, owó ni. Àwọn aládàáni tó ń fi ọ̀rọ̀ ṣe ìtọ́jú, owó wọn ga. Àdùkẹ́, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni kó o lọ, gbogbo wọn ló ní ẹ̀ka ìlera ọpọlọ: LUTH ní Ìdí-Àràbà, LASUTH ní Ìkẹjà, UCH n'Íbàdàn, OAUTHC ní Ifẹ̀. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Yábà lÉkòó àti Àrò l'Ábẹ́òkúta. Pè wọ́n kó o tó lọ, torí ọjọ́ tí wọ́n ń rí aláìsàn tuntun yàtọ̀ síra. Jí lọ ní kùtùkùtù, mú oúnjẹ dání, wàá jókòó dáadáa. Bó o bá rí dókítà, béèrè lẹ́nu ẹ̀ pé, "Ṣé ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ṣe ìtọ́jú wà níbí?" Bí o ò bá béèrè, oògùn nìkan ni wọ́n lè kọ fún ẹ, torí èrò pọ̀ lórí ìlà.

Ìyá_Ṣadé
Yábà kẹ̀? Èmi ò ní jẹ́ kí ọmọ mi gba ibẹ̀ kọjá. Ṣé ẹ mọ̀ pé wèrè ni wọ́n ń pè ní "Yábà Left" lÉkòó ńbí? Bí àwọn àna ẹ̀ bá gbọ́ ńkọ́?

Lọ́yà_Àkúrẹ́
Màmá, ẹ̀rù yín yé mi. Ibẹ̀ ti wà láti 1907, orúkọ tí àwọn òyìnbó sì fún un nígbà náà ò dáa, ó ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo Àrò. Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1954, ó sì jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín ìlú, nílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, pẹ̀lú ẹbí tó tẹ̀ lé wọn wá. Wọ́n á wá gba ìtọ́jú, wọ́n á pa dà sáàárín èèyàn. Ó tún pe àwọn babaláwo mọ́ra kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Kárí ayé ni wọ́n fi ń kọ́gbọ́n.

Òfin náà ti yí pa dà. Òfin àtijọ́ tó ń pe aláìsàn ní wèrè ló wà nílẹ̀ títí Ààrẹ Buhari fi buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun ní oṣù kìíní 2023. Lábẹ́ ẹ̀, ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ torí pé o gba ìtọ́jú yìí dá ọ dúró níbi iṣẹ́ tàbí lé ọ kúrò nílé. Ẹnu àwọn àna ṣá, òfin ò lè dí i.

Bàbá_Ìbejì_Òṣogbo
Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ oyìnbó. Lámbò tí ẹ ń pariwo yẹn, ṣé kì í ṣe òun náà ló pe babaláwo?

Lọ́yà_Àkúrẹ́
Òun ni, sà. Ó pè wọ́n wá bá a ṣiṣẹ́ níbi tí dókítà ti wà ni.

Ìyàwó_Díákónì
Bàbá, ẹ jẹ́ kí n dáhùn yín. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń gbàdúrà fún àwọn aláìsàn ní ìjọ wa, mi ò sì ní dáwọ́ dúró. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní irú èyí. Wọ́n gbé e lọ síbi àdúrà kan, wọ́n ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ 21. Ebi ń gbọ̀n ọ́n, àyà ẹ̀ ń lù, wọ́n ní ẹ̀mí náà ló ń jà. Nígbà tó jẹun, ìlàjì "ẹ̀mí" náà lọ. Ẹ jẹ́ kí ìyá Àdùkẹ́ gbàdúrà, kó sì sin ọmọ ẹ̀ dé ilé ìwòsàn. Ẹni tó bá ní kó yan ọ̀kan nínú méjèèjì, kó sá fún un.

Àdùkẹ́_Ìkòròdú
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí wá.

Mo lọ sí ọ̀kan nínú àwọn tí Lánre dárúkọ. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo dé, aago méjì ọ̀sán ni wọ́n pè mí. Màámi tẹ̀ lé mi, ó ní òun fẹ́ fetí ara òun gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ mi kéré díẹ̀, wọ́n fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀. Thyroid dáa. Dókítà ní ìpayà òjijì ni. Màámi bi í pé ṣé ayé kọ́? Dókítà náà ò rẹ́rìn-ín sí i, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn. Ó ní, "Mà, ẹ máa gbàdúrà síbẹ̀, kí òun náà máa lo oògùn ẹ̀."

Sertraline ni wọ́n kọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ burú, bí Kẹ́mísì Bódìjà ṣe sọ. Bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ yẹn ni, mi ò bá ti sọ ọ́ nù lọ́jọ́ kẹrin. Mo béèrè ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ṣe ìtọ́jú, ó wà lóòótọ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ni mò ń rí i.

Mo ti ń wọ dáńfó dé Ojóta, àárín sì ni mo ń jókòó sí. Ó ká mi mọ́ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò sọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, mo ń ka pátákó orúkọ ṣọ́ọ̀bù láti Kẹtu títí ó fi lọ. Ọkọ mi ti yéé ní kí n yéé ronú, ó ń ní "Ó ti gbó ọ lónìí?", torí mo sọ ti ajá yẹn fún un.

Afárá ló kù. Àbúrò mi máa bá mi gbà á ní Sátidé, tí kò sí gosiló. Obì, mo ti fi sílẹ̀. Màámi ló ń bínú, ó ní ta ló máa wá máa bá òun pa á jẹ lálẹ́.

Ṣẹ́gun_Múṣin
Àbúrò, o káre. Èmi lọ lọ́jọ́ Túsìdeè. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín tèmi kù. Mi ò tíì máa sùn dáadáa o.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Peckham
Bí àyà bá já ọ lórí afárá ní Sátidé, má ní o ti pàdánù. Tún un gbà ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Àbúrò rẹ náà, jẹ́ kó jókòó sẹ́yìn nígbà kejì, kó má tì ọ́.